Abiyamọ Tí Mo Gbé Kọ́ Igi Létí Odò Olúwẹ̀

Ẹ fi ìdí lélẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kó hú u tán báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Èmi ni Ọdẹ́gbèmí ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ọdẹ abúlé Ayégbàmí, ọkùnrin tí igbó Ẹlẹ́gùn-ún mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹfọ̀n mẹ́sàn-án ni mo ti fi ìbọn mi gbé ṣánlẹ̀, tí n kò... Ẹ dúró ná. Ẹ dúró. Ikùn mi ni mo fi ọwọ́ mú yìí, ẹ má dìde. Ẹfọ̀n mẹ́rin ni. Ọ̀kan nínú wọn sì ti yarọ kí n tó yìnbọn fún un. Ó dáa, ó ti rọlẹ̀. Ẹ ó rí mi kí n ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ọ̀rọ̀ wa tó parí. Ẹ má pe oníṣègùn. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tó fà á fún yín.

Ìtàn òní kì í ṣe ti ẹfọ̀n, ti ẹja ni. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó fi apẹja ṣe yẹ̀yẹ́ tó mi ní gbogbo agbègbè yìí nígbà tí ara mi ṣì le. Mo máa ń sọ pé, kí ni iṣẹ́ ọkùnrin nínú kí á jókòó sórí òkúta láti òwúrọ̀, kí á máa fi ekòló tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ omi? Òjóawo apẹja, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ni mo máa ń sọ ọ́ sí létí. Bó bá ti gbé àwọ̀n rẹ̀ kọjá níbi tí a ti ń mu ẹmu, màá ké sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí àwọn ekòló o!" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fi òwe yẹn sápò, a óò lò ó kí á tó dìde níbí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oṣù Ọ̀wàrà ti ń tán lọ. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ sì ti ń tutù, kí á mọ̀ pé ọyẹ́ ti wà lójú ọ̀nà. Odò Olúwẹ̀, tó ti kún bo ẹ̀bá rẹ̀ láti oṣù Agẹmọ, ti ń fà, omi rẹ̀ ti ń mọ́, ewé gbígbẹ sì ń já bọ́ sórí rẹ̀. Àsìkò yẹn ni ẹja máa ń kúrò nínú àbàtà padà sínú ibú. Àsìkò yẹn náà ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi bí ọmọbìnrin kan fún mi, àkọ́bí wa, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a ti ń retí. Ọmọ dé, ayọ̀ dé, ṣùgbọ́n omi ọmú kò dé. Lọ́jọ́ kìíní, a ní yóò wá. Lọ́jọ́ kejì, ìyá Àwẹ̀ró fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná tẹ ọmú náà títí, ẹ̀kán méjì péré ló jáde. Obìnrin kan ládùúgbò tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ń fún ọmọ wa lọ́mú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ náà ń ké, ọmú rẹ̀ kò lè tó ọmọ méjì. Ẹkún ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ̀ pé ẹkún tó ń ròkè kì í bani lẹ́rù tó ẹkún tó ń rẹlẹ̀.

"Ọkọ wa," ni ìyá ìyàwó mi wí fún mi lẹ́yìn ilé, kí Àwẹ̀ró má baà gbọ́, "àrọ̀ tútù ló kù. Kó tóbi, kó sanra, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n pa á náà ni a sè é lómi ata. Mo ti fi bọ́ abiyamọ mẹ́ta rí, ọmú wọn sì ya. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́ o. Ọmọ yìí kò ní agbára tí yóò fi dúró de ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ekòló nìyẹn. Mo gba ilé Òjóawo lọ kí oòrùn tó yọ, mo bá a tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ omi o."

"Háà, ọdẹ! Kí ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ àwa oníekòló? Ṣé ẹran ti tán nígbó ni?"

Mo ro ẹjọ́ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àbúrò. Máa lọ ilé, lọ jókòó ti ìyàwó rẹ. Àrọ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n nígbà tí omi bá ń fà báyìí, ṣùgbọ́n màá wá a fún ọ."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn, kí ẹ bá mi gbá ẹnu mi létí. Mo ní, "Rárá o. Ọdẹ kì í fi ẹran ẹlẹ́ran bọ́ ọmọ rẹ̀. Ìwọ̀ ni kí ẹ yá mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Ó fún mi ní ìwọ̀ mẹ́ta àti okùn, ó bu ekòló sínú igbá fún mi. "Ẹja tó bá kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀ rẹ lójúmọ́, tú u sílẹ̀, má wo bó ṣe tóbi tó. Má pariwo létí omi. Bí o bá sì rí ìgèrè tí kì í ṣe ìwọ lo dẹ ẹ́, wò ó lọ́ọ̀ọ́kán kí o máa lọ. Má fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ pé wúrà ló wà nínú rẹ̀. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Etí mi gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ orí mi wà lórí ọmọ tó ń ké.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹpìyà kékeré kan ló kọ́kọ́ jẹ ìwọ̀ mi, mo sì tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí egungun wọn pọ̀ ju ẹran wọn lọ ni wọ́n ń jẹ ekòló mi láìkọ́ ìwọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, okùn le lọ́wọ́ mi gbandi. Mo fà, nǹkan dúdú kan tó sanra bí itan ọmọdé gòkè, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é! Mo dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Yéè! Òjìjí ni! Ẹ̀yin tí òjìjí kò bá gbọ̀n yín rí, ẹ kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìjayà. Apá mi méjèèjì kú dé èjìká, eyín mi ń lura wọn, mo sì jókòó sínú omi dé ọrùn bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀. Ẹja náà yí mi po lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, àrọ̀ gidi gbé ìwọ̀ mì, mo rí irùngbọ̀n rẹ̀ tó gùn bí ìka mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọdẹ ni mo fi fà á, ọwọ́ ẹni tó ń fa ẹtu jáde nínú igbó. Okùn já. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwẹ̀ró wo ọwọ́ mi, ó sì yí ojú sí ògiri. Ọmọ náà kò ké mọ́ nígbà yẹn. Ó ń kùn ni.

Ọjọ́ kẹta tí mo lọ sódò, ọmọ pé ọjọ́ márùn-ún láyé. Mo rìn jìnnà sísàlẹ̀ odò, dé ibì kan tí omi ti ya kọ̀rọ̀ wọ abẹ́ igi. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìgèrè kan. Odò ti fà sílẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti yọ síta, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ dípò kó kọjú sí omi, mo sì rò pé ọ̀lẹ kan ló dẹ ẹ́. Nínú rẹ̀, ẹpìyà ńlá kan, tó fẹ̀ tó ìbú àdá, ń mí gúlegúle. Lórí òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, awọ́nrínwọ́n kan ti ń yọ ahọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n la nǹkan kan yé yín. Nínú igbó, bí mo bá bá ẹran lẹ́nu pàkúté ẹlòmíràn, tí onípàkúté kò sí nítòsí, èmi kì í wò ó kó jẹrà tàbí kí akátá jẹ ẹ́. Màá mú un kúrò, màá gbé e kọ́ sórí igi níbi tí onítọ̀hún yóò gbà wọlé, màá sì fi ewé tútù bò ó. Bí ó bá dé, á mọ̀ pé ọmọlúwàbí ọdẹ kan ló kọjá, kì í ṣe olè. Oore ni láàárín wa. Nítorí náà, mo lé awọ́nrínwọ́n lọ, mo yọ ẹpìyà náà, mo gbé e lọ sí ìdí àràbà tó wà ní oríta, mo fi okùn so ó kọ́, mo fi ewé tó rin bò ó. Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi ju pé kí n ran onígèrè lọ́wọ́... Áà! Ó tún dé. Ẹ fún mi láyè. Ó dáa, ó dáa! Mo retí pé bó bá rí oore mi, yóò fi àrọ̀ kan san án. Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Mo padà sétí omi, mo dẹ ìwọ̀ mi. Kò pẹ́, omi dákẹ́. Kì í ṣe pé kò pariwo, ó dákẹ́ pátápátá, ewé tó wà lórí rẹ̀ kò sún mọ́. Obìnrin kan sì dìde láàárín ibú. Ó ga tó igi ìbẹ́pẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ara rẹ̀ ń dán bí ikùn àrọ̀, kò sì ń ṣẹ́jú. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ni ẹ̀kán náà ń lọ, kò bọ́ sílẹ̀. Láti ọrùn rẹ̀ dé ìdí, ọ̀já ìpọ̀nmọ ló wé mọ́ra, ó tó ogún. Gbogbo ọ̀já náà ń mira, nǹkan ń yí nínú wọn. Ọ̀kan péré ló ṣófo. Ìbọn mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò rántí pé mo ní ìbọn.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn ilé mi?" ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni.

"Ìyá, ẹ má bínú. N kò rí ilé kankan. Ìgèrè ni mo rí."

"Ìgèrè tó kọjú sí ilẹ̀, kí ni yóò mú? Ṣé ẹran tí ń rìn lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ ni? Èmi ni Agbọ́mọjó. Ibi tí àrọ̀ àti ọ̀nì kò lè wọ̀ ni mo máa ń fi àwọn ọmọ mi sí bí omi bá ń fà. Dá mi lóhùn, ọdẹ. Ẹnu wo ló kún, tí ebi ń pa á?"

Mo ronú. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí orí ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ẹnu ìkòkò tó kún fún omi lásán."

"Ìkòkò kò mọ ebi."

"Ẹnu onígbèéraga, tó kún fún ọ̀rọ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn súnmọ́ ọ ju bí o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Lọ wo ẹnu ohun tí o gbé kọ́ igi." Ó fa ọ̀já òfo náà jáde, ó nà án níwájú mi bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pọn ọmọ. "Ẹ̀yà ẹja yìí kì í jẹun bó bá kó ọmọ sẹ́nu. Abiyamọ ni o gbé kọ́ igi. Mo mọ ilé kan ní Ayégbàmí tí abiyamọ wà, tí ọmọ rẹ̀ fúyẹ́. Bí oòrùn bá wọ inú igi ìhà kejì odò tí àwọn ọmọ mi kò tíì padà, òun ni n óò pọ̀n sínú ọ̀já yìí."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní màá fi àpò mi bu omi, màá fi kó wọn wá kíákíá.

"Ìyá wọn ni kí o fi àpò gbé. Àwọn ọmọ, ẹnu ni wọ́n ti wá, ẹnu ni wọn yóò gbà padà. Ẹnu ìwọ. Bí o bá ya ẹnu sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín àwa méjèèjì."

Mo sáré. Ẹja náà ṣì ń mí lábẹ́ ewé, díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú kòtò gbòǹgbò àràbà tí òjò àná kún, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ, ojú nìkan ni a rí lára wọn. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti jábọ́ síbẹ̀. Mo bu omi sínú àpò awọ mi, mo fi ìyá wọn sí i. Mo dojú bolẹ̀ lẹ́bàá kòtò náà, mo fa omi àtàwọn ọmọ ẹja sẹ́nu títí kò fi ku ọ̀kan, mo pa ètè mi dé. Ẹ̀yin ará, ẹ ronú sí i. Wọ́n ń rìn lórí ahọ́n mi. Wọ́n ń wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi orí kan èrìgì mi. Ebi ti ń pa mí láti àná, itọ́ sì ń dà. Ọ̀fun mi ń fẹ́ gbé mì, mo sì ń bẹ ọ̀fun mi bí ẹni ń bẹ olówó.

N kò tíì rìn jìnnà nígbà tí nǹkan kan jókòó sójú ọ̀nà. Kò ní orí. Ojú rẹ̀ wà láyà, ẹnu rẹ̀ wà ní ikùn, ẹnu náà fẹ̀ láti ìhà kan dé èkejì. Ẹlẹ́nu-Ikùn ni bàbá mi máa ń pè é, ó ní òfófó ni oúnjẹ rẹ̀. Bó ti rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí.

"Ọdẹ́gbèmí ọmọ Ọdẹ́kúnlé! Ọmọ a-rìn-nígbó-bí-ẹni-ń-rìn-ní-ìyẹ̀wù! O kú ìrìn o!"

Mo mi orí, mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ náà.

"Kò dáhùn? Bóyá òun kọ́. Mo gbọ́ pé ẹfọ̀n abìwo-kan tí gbogbo ayé ń royìn, Òjóawo apẹja ló fi igi àwọ̀n pa á, tí Ọdẹ́gbèmí lọ gé ìrù rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bí irọ́ bá ni, sọ ọ́!"

Omijé ìbínú jáde lójú mi. Ẹfọ̀n abìwo-kan! Oṣù méjì gbáko ni mo fi tọ ipa rẹ̀! Ètè mi ti fẹ́ ya. Ọmọ ẹja kan fi orí kàn mí léyín, tín-tín, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo rántí. Mo ti apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọjá.

Ó tẹ̀lé mi. Ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó di ohùn ẹni tó wá túfọ̀. "Ọdẹ́gbèmí, n kò fẹ́ sọ ọ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ rẹ ti dákẹ́ lọ́sàn-án yìí. Ìyàwó rẹ ń pè ọ́. Ṣé o kò ní dá a lóhùn ni?"

Ẹ wò ó, mo ti bá ẹkùn pàdé nínú ihò, n kò rí irú ọjọ́ yẹn rí. Ẹsẹ̀ mi dúró. Igbe kan gòkè láti ìsàlẹ̀ ikùn mi dé ọ̀fun. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má ta tí were, bàbá ọmọ ńkọ́? Mo rò ó pé bí irọ́ ló ń pa, bí mo bá ké, mo ti sọ ọ́ di òótọ́ nìyẹn. Bí òótọ́ ni, àwọn tó wà lẹ́nu mi yìí kò pa á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ètè mi mú, mo tún ń rìn. Ó dúró sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ìgbín rìn ju bí mo ṣe ń rìn lọ.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí n dé etí omi ni ẹfọ̀n kan jáde látinú ìgbẹ́. Kì í ṣe iwin, ẹfọ̀n gidi ni, ó wá mumi. Ó rí mi, ó rẹ orí sílẹ̀. Mo ní ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi, ọ̀rọ̀ méje péré, ẹfọ̀n á sì yí padà bí àgùntàn. Ọ̀rọ̀ méje náà wà lọ́kàn mi, wọ́n pé. Àmọ́ àyè wo ni wọ́n máa gbà jáde? Mo fò sẹ́yìn igi ahùn, ìwo rẹ̀ fa èèpo igi náà ya lẹ́bàá etí mi, mo ṣubú sínú ẹrẹ̀, mo di àpò mi mọ́ àyà. Àyà mi já. Ọ̀fun mi sì ṣe ohun tí ọ̀fun máa ń ṣe bí àyà bá já. Ó gbé mì.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, kékeré, tútù. Ẹfọ̀n kọjá lórí mi, ó bá tirẹ̀ lọ, mo sì dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó dà bíi pé èmi ni ìwo kàn.

Nígbà tí mo dé etí omi, oòrùn ti kan orí igi ìhà kejì. Agbọ́mọjó dúró síbi tí mo fi í sí, ọ̀já òfo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú ìyá ẹja sínú omi lẹ́bàá ìgèrè. Mo tẹ orí bọ omi, mo ya ẹnu. Wọ́n jáde bí ẹ̀fọn, ìyá wọn sì la ẹnu, gbogbo wọn wọlé wìtìwìtì. Lẹ́yìn náà, ó yẹ kó pa ẹnu dé. Kò pa á dé. Ó dúró níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń wò mí.

"Ṣé wọ́n pé?" ni Agbọ́mọjó bi mí.

Oòrùn ti wọ ìdajì. Bí mo bá ní wọ́n pé, ta ló lè ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti fi irọ́ kún òótọ́, ó sì ń dùn létí àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá yẹn ṣí sílẹ̀, n kò sì lè wò ó kí n pa á fún un.

"Wọn kò pé, Ìyá," ni mo wí. "Ọ̀kan ṣẹ́kù. Mo gbé e mì. Ẹfọ̀n ló bà mí lẹ́rù. Ẹ fi ìyà jẹ mí bó ṣe wù yín, ẹ gbé èmi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ mi."

Oòrùn wọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀já òfo náà wé ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ pé, "Ìyá wọn pàápàá a máa gbé ọ̀kan mì nígbà mìíràn bí ẹ̀rù bá bà á. Ẹnu tó lè gbé ọmọ kò tó fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò sọ bó bá ṣófo." Ó na ìka kan sí ikùn mi. "Ọ̀kan yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò máa gbé. Yóò máa gbọ́ gbogbo ohun tí o bá ń sọ. Lọ́jọ́ tí o bá purọ́, yóò yí padà, ìwọ náà á sì mọ̀."

Ìyá ẹja pa ẹnu dé. Mo béèrè pé, "Ìyá, àrọ̀ tí mo wá wá ńkọ́?" Ó ti wọ ibú lọ. Omi ti ń ṣàn padà, ewé sì ń lọ lórí rẹ̀.

Mo rìn padà sílé lọ́wọ́ òfo, ojú ọ̀run ti pọ́n. Mo dé ẹ̀yìn ilé mi, mo dúró, mo tẹ́tí. N kò gbọ́ ẹkún. N kò gbọ́ kíkùn. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́nu-Ikùn padà sí mi létí. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fò ó, kò kan ìtàn. Nígbà tí mo máa fi wọlé, òórùn ata ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Àwẹ̀ró jókòó ti ògiri, àwo ọbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, egungun àrọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀, ọmọ mi sì rọ̀ mọ́ ọmú, ó ń gbé e mì gbì, gbì, omi ọmú ń ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀. Òjóawo ti gbé ẹja náà wá láti ọ̀sán, kò sì tíì lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti yá ìwọ̀ ló ti ń wá a kiri.

"Nǹkan kan ṣẹlẹ̀," ni ìyá ìyàwó mi wí. "Ọ̀já ọmọ tí mo sá sórí okùn, a wá a tì lọ́sàn-án yìí. Ìgbà tí oòrùn wọ̀ ni a rí i padà lórí okùn náà. Wò ó, ó rin gbingbin." Mo wò ó. Òórùn odò ló ń rùn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Òjóawo, níwájú ìyá ìyàwó mi. Ó ní kí n dìde, ó bi mí pé, "Àbúrò, ìwọ náà ńkọ́, kí lo pa lónìí?" Mo ti ya ẹnu láti sọ fún un pé àrọ̀ kan tó tó itan màlúù já mọ́ mi lọ́wọ́. Nǹkan kékeré kan sì yí padà nínú mi, lábẹ́ ìhà, ó mú mi tẹ̀ kóló. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò pa nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ bọ́ ọmọ mi." Ó rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ ṣe rí mi yìí ni. Ẹ wá ọdẹ mìíràn tó lè fi ikùn ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí fún yín.

Ọmọ náà nìyẹn tó jókòó lẹ́yìn yín, tó ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú. Ó ti gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà ọgbọ̀n, gbogbo ìgbà náà ló sì ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ wò ó, ó ti gbé ojú sókè. Ó fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo dúró lẹ́yìn ilé tí n kò gbọ́ ẹkún òun.

Ọmọ mi, mo ṣe ọkàn gírí, mo wọlé bí ọkùnrin, mo...

Áà. Ó dáa. Ẹ fún mi lómi díẹ̀.

N kò wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo fi fìlà bojú, mo sunkún bí ọmọ ọjọ́ márùn-ún, títí Òjóawo fi jáde wá fà mí dìde.